Kíkà àti Ìtúpalẹ̀ Lítíréṣọ̀ Ilẹ̀ Fílípìnì

Lítíréṣọ̀ ilẹ̀ Fílípìnì ni àkójọpọ̀ iṣẹ́-ọnà ọ̀rọ̀, ti alohùn àti ti àkọsílẹ̀, tí àwọn ènìyàn erékùṣù Fílípìnì ní gúúsù-ìlà-oòrùn Éṣíà ti gbé kalẹ̀ ní àwọn èdè abínibí wọn, ní èdè Sípéènì àti ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìtúpalẹ̀ rẹ̀ ni iṣẹ́ òǹkàwé tí kò dúró lórí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ìwé nìkan, ṣùgbọ́n tí ó ń wádìí bí òǹkọ̀wé ṣe lo ọ̀rọ̀, ìhun àti ọgbọ́n ìsọ̀tàn láti mú ìtumọ̀ jáde. Ní orílẹ̀-èdè yìí, iṣẹ́ náà kọjá ọ̀rọ̀ ìdánwò. Ìwé ìtàn àròsọ méjì wà lára ohun tí ó sọ òǹkọ̀wé wọn di ọ̀tá ìjọba amúnisìn, tí wọ́n sì yìnbọn pa á ní 1896. Ní 1956, ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn aṣòfin ṣì ń jiyàn lórí bóyá ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ka àwọn ìwé náà láìyọ ọ̀rọ̀ kankan kúrò nínú wọn. Nítorí èyí, ìbéèrè nípa bí a ṣe ń kàwé ti jẹ́ ìbéèrè nípa ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ ìtumọ̀ ìwé.

Èdè àti ìtàn

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí òǹkàwé béèrè ni èdè tí wọ́n fi kọ ìwé tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti ẹni tí wọ́n kọ ọ́ fún. Àwọn èdè abínibí tí wọ́n ń sọ ní àwọn erékùṣù náà lé ní 150. Tagalog, Ilocano, Cebuano àti Hiligaynon wà lára àwọn tí lítíréṣọ̀ àkọsílẹ̀ wọn pọ̀. Kí àwọn ará Sípéènì tó dé, ọ̀nà ìkọ̀wé kan wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ baybayin. Ìṣàkóso Sípéènì fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní 1565, ó sì wà títí di 1898. Doctrina Christiana, ìwé ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tí wọ́n tẹ̀ ní Manila ní 1593, wà lára àwọn ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ilẹ̀ náà. Èdè Sípéènì àti Tagalog ni wọ́n fi kọ ọ́, Tagalog inú rẹ̀ sì hàn ní lẹ́tà Róòmù àti ní baybayin.

Lẹ́yìn Sípéènì, Amẹ́ríkà gba ilẹ̀ náà, ó sì sọ Gẹ̀ẹ́sì di èdè ilé-ẹ̀kọ́. Òmìnira dé ní ọjọ́ 4 oṣù Keje 1946. Òfin ìpìlẹ̀ ti 1987 sọ Filipino, èdè tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ Tagalog, di èdè orílẹ̀-èdè, ó sì fi òun àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe èdè ìjọba. Àbájáde gbogbo èyí ni pé akẹ́kọ̀ọ́ kan náà lè ka ewì ní Tagalog, ìtàn àròsọ tí wọ́n túmọ̀ láti èdè Sípéènì, àti ìtàn kúkúrú tí wọ́n kọ ní Gẹ̀ẹ́sì, kí gbogbo wọn sì jẹ́ lítíréṣọ̀ ìlú rẹ̀. Èdè tí òǹkọ̀wé yàn kì í ṣe aṣọ lásán tí ó fi bo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó máa ń sọ ẹni tí òǹkọ̀wé fẹ́ kí ó gbọ́, àti ẹni tí kò ní lè gbọ́.

Lítíréṣọ̀ alohùn àti ewì

Ibi tí ó rọrùn jù lọ láti bẹ̀rẹ̀ ni bugtong, èyí tí ó jọ àlọ́ apamọ̀ ti Yorùbá. Nínú bugtong, wọ́n máa ń fi ohun kan ṣàpèjúwe òmíràn láìdárúkọ rẹ̀, olùgbọ́ ni yóò sì wá ohun tí ó so méjèèjì pọ̀. Ọgbọ́n yìí kan náà ni ó wà nínú ohun tí àwọn onímọ̀ ewì Tagalog ń pè ní talinghaga, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ fara sin sẹ́yìn àwòrán tí ó yà sí ọkàn. Àwọn lámèyítọ́ bíi Bienvenido Lumbera àti Virgilio Almario fi hàn pé ewì Tagalog ní òfin tirẹ̀, àti pé kò yẹ kí wọ́n máa fi òṣùwọ̀n ewì Yúróòpù nìkan wọ̀n ọ́.

Òfin méjì tí ó ṣe kókó ni sukat, ìyẹn iye sílébù tí ó wà nínú ìlà, àti tugma, ìyẹn ìbáramu ìparí ìlà. Tanaga máa ń ní ìlà mẹ́rin, sílébù méje sì máa ń wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Awit ń lo sílébù 12, korido sì ń lo 8. Ní ti tugma, ìbáramu kò béèrè pé kí kọ́ńsónáǹtì ìparí jẹ́ ọ̀kan náà. Bí fáwẹ́lì bá bára mu, ó tó kí kọ́ńsónáǹtì tí ó tẹ̀ lé e wá láti inú ẹgbẹ́ kan náà: b, d, g, k, p, s àti t wà ní ẹgbẹ́ kan, l, m, n, ng, r, w àti y wà ní ẹgbẹ́ kejì. Òǹkàwé tí kò mọ èyí lè rò pé akéwì kò lè so ìparí ìlà rẹ̀ pọ̀, nígbà tí akéwì ti tẹ̀ lé òfin pátápátá.

Àpẹẹrẹ awit tí ó lókìkí jù lọ ni Florante at Laura, tí Francisco Balagtas tẹ̀ jáde ní 1838. Ibùdó ìtàn rẹ̀ ni Albania. Florante, ọmọ ìdílé ọlọ́lá tí ọ̀tá rẹ̀ Adolfo ti dàlẹ̀, wà nínú igbó tí wọ́n so ó mọ́ igi. Aladin, ọmọ ọba Páṣíà tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, ni ó gbà á lọ́wọ́ ikú. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ gbà pé Albania dúró fún Fílípìnì, àti pé ìwà ìkà Adolfo dúró fún ìṣàkóso Sípéènì. Kíkà báyìí ní ìdí, nítorí pé àkókò náà kò fàyè gba kí ènìyàn bá ìjọba wí ní gbangba. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ tọ́ka sí ẹsẹ tí ó gbè é lẹ́yìn, kí ó sì tún wo èyí tí ó takò ó. Bí ó bá sọ pé akéwì bọ̀wọ̀ fún Mùsùlùmí nítorí pé Aladin ni olùgbàlà, òtítọ́ ni, nítorí pé nínú eré orí ìtàgé ìgbà náà Mùsùlùmí sábà máa ń jẹ́ ọ̀tá. Ṣùgbọ́n Aladin ṣe ìrìbọmi ní ìparí ìtàn. Ìtúpalẹ̀ tí kò bá sọ èyí ti fi ìdajì ẹ̀rí pamọ́.

Ìtàn akọni alohùn náà pọ̀. Biag ni Lam-ang jẹ́ ti àwọn Ilocano. Ọmọ tí ó ti ń sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bí i ni akọni rẹ̀. Hudhud jẹ́ ti àwọn Ifugao, àwọn obìnrin ni wọ́n sì sábà máa ń léwájú orin rẹ̀ nígbà ìkórè ìrẹsì àti níbi ìṣọ́ òkú. Darangen jẹ́ ti àwọn Maranao ní erékùṣù Mindanao. UNESCO kéde Hudhud ní 2001, nínú ìkéde kan náà tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà. Ó kéde Darangen ní 2005, nínú ìkéde tí Ifá wà. Ìtúpalẹ̀ irú iṣẹ́ báyìí kò lè parí sí ojú ìwé. Ẹni tí ó ń kọrin, àkókò tí wọ́n kọ ọ́ àti ìdáhùn àwọn ègbè jẹ́ ara ìtumọ̀ rẹ̀.

Ìwé méjì Rizal

José Rizal tẹ Noli Me Tangere jáde ní Berlin ní 1887, ó sì tẹ El Filibusterismo jáde ní Ghent ní 1891. Èdè Sípéènì ni ó fi kọ méjèèjì, èyí tí ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ará ìlú rẹ̀ kò lè kà. Wọ́n yìnbọn pa á ní Manila ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá 1896.

Nínú Noli, Crisóstomo Ibarra padà wálé láti Yúróòpù lẹ́yìn ọdún méje, ó sì gbọ́ pé bàbá òun kú sí ẹ̀wọ̀n àti pé wọ́n hú òkú rẹ̀ kúrò ní itẹ́. Ó fẹ́ kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ fún ìlú San Diego. Agbára àwọn àlùfáà ará Sípéènì sì dènà rẹ̀ títí wọ́n fi sọ ọ́ di ọlọ̀tẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàn yìí ni ti Sisa wà, ìyá tálákà tí wọ́n fẹ̀sùn olè kan àwọn ọmọ rẹ̀ méjì tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí orí rẹ̀ sì dàrú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń ṣe àkójá ìtàn lásán yóò sọ pé Sisa ya wèrè. Ẹni tí ó ń ṣe ìtúpalẹ̀ yóò béèrè ìdí tí òǹkọ̀wé fi fi ìyà ìdílé tálákà sí ẹ̀gbẹ́ ìyà ọmọ olówó, àti ohun tí ìtàn náà ì bá pàdánù bí Sisa kò bá sí nínú rẹ̀. Láìsí i, ìjà ọkùnrin ọlọ́rọ̀ kan pẹ̀lú àwọn ọ̀tá rẹ̀ ni ìwé náà ì bá jẹ́. Pẹ̀lú rẹ̀, ó di ẹjọ́ gbogbo ìlú.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni kí òǹkàwé mú ọ̀rọ̀ ẹ̀dá-ìtàn kan, kí ó sì sọ pé èrò Rizal nìyẹn. Nínú Noli, Elias ń béèrè fún àtúnṣe nígbà tí Ibarra ń gbèjà ètò tí ó wà. Nígbà tí ó yá, Ibarra di ẹni tí ó fẹ́ ìṣọ̀tẹ̀, Elias sì di ẹni tí ń kìlọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀. Àwọn méjèèjì pààrọ̀ ipò. Nínú El Filibusterismo, Ibarra padà wá ní àwọ̀ Simoun, oníṣòwò ohun ọ̀ṣọ́, ó sì ń gbìmọ̀ láti fi ìbúgbàmù pa àwọn aláṣẹ run. Ìmọ̀ náà kùnà, àlùfáà Florentino, ọmọ ilẹ̀ náà, sì dá ọ̀nà tí Simoun yàn lẹ́bi lẹ́yìn tí ó ti gbọ́ ìjẹ́wọ́ rẹ̀. Ìtumọ̀ kò sí lẹ́nu ẹyọ ènìyàn kan. Inú àríyànjiyàn láàárín wọn ni ó wà.

Àmì náà ṣe pàtàkì. El Filibusterismo bẹ̀rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi Tabo lórí odò Pasig. Àwọn ará Sípéènì, àwọn àlùfáà àti àwọn ọlọ́lá jókòó sí òkè. Àwọn ọmọ ilẹ̀ àti àwọn ará Ṣáínà wà nísàlẹ̀ láàárín ẹrù. Kí ìtàn tó lọ jìnnà ni òǹkàwé ti rí ètò àwùjọ náà láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣàlàyé rẹ̀.

Òfin 1956

Òfin Republic Act 1425, tí wọ́n ń pè ní Òfin Rizal, di òfin ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 1956. Sẹ́nétọ̀ Claro M. Recto àti José P. Laurel ni wọ́n wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó pàṣẹ pé kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ kọ́ni ní ìgbésí ayé àti iṣẹ́ Rizal, àti pé ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kí wọ́n lo ìwé méjèèjì bí òǹkọ̀wé ṣe kọ wọ́n tàbí ìtumọ̀ tí kò gé ohunkóhun kúrò. Àwọn aṣáájú ìjọ Kátólíìkì takò ó, wọ́n ní àwọn apá kan nínú ìwé náà lòdì sí ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́. Níkẹyìn wọ́n fi àyè sílẹ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá búra nínú ìwé pé ẹ̀sìn òun kò gbà á lè béèrè pé kí wọ́n yọ òun kúrò nínú kíkà ìwé náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe kúrò nínú ẹ̀kọ́ náà.

Àwọn méjèèjì tí wọ́n jà gbà lórí ohun kan: pé ìwé ìtàn àròsọ ní agbára lórí ọkàn ẹni tí ó kà á. Ìyàtọ̀ wọn ni bóyá kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ yọ ohun tí ó le kúrò nínú rẹ̀, tàbí kí wọ́n kọ́ òǹkàwé ní ọgbọ́n tí yóò fi dá a wò fúnra rẹ̀. Ewu kan tún wà ní ìhà kejì. Ìwé tí òfin bá pàṣẹ pé kí wọ́n kà lè di ìwé tí wọ́n ń há sórí, tí Rizal yóò wá di ère tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá jiyàn. Ìtúpalẹ̀ ni ó ń dènà ewu méjèèjì.

Ìtàn kúkúrú àti ojú tí a fi ń wò

Dead Stars, tí Paz Marquez Benitez kọ ní 1925, ni ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ kà sí ìtàn kúkúrú ìgbàlódé àkọ́kọ́ tí ọmọ Fílípìnì kọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Alfredo Salazar ti ń múra láti gbé Esperanza níyàwó nígbà tí ọkàn rẹ̀ fà sí Julia Salas. Ó mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà ó tún rí Julia, ó sì mọ̀ pé ohun tí òun ti ń gbé lọ́kàn dà bí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tí ó ti kú tipẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣì ń dé ilẹ̀.

Asọ̀tàn wà lẹ́yìn ìtàn, ṣùgbọ́n inú ọkàn Alfredo nìkan ni ó sábà máa ń wọ̀. Nítorí náà, òǹkàwé kò mọ Julia tàbí Esperanza ju bí Alfredo ṣe rí wọn lọ. Orúkọ náà ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe: Esperanza túmọ̀ sí ìrètí ní èdè Sípéènì, obìnrin tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí ọkùnrin náà kò rí ìrètí kankan lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ìbéèrè tí ó dára fún kíláàsì ni bí ìtàn yìí ì bá ṣe rí bí Esperanza ni ó bá ń sọ ọ́.

Ẹwà ọ̀rọ̀ tàbí ọ̀ràn àwùjọ

Ní nǹkan bí 1940, àríyànjiyàn ńlá wáyé lórí ohun tí ó yẹ kí lámèyítọ́ fi wọn ìwé. José Garcia Villa, akéwì tí ó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, gbà pé iṣẹ́-ọnà kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ju kí ó pé ní iṣẹ́-ọnà lọ. Salvador P. Lopez dá a lóhùn nínú ìwé Literature and Society, tí ó gba ẹ̀bùn ìjọba ní 1940, pé òǹkọ̀wé kò lè yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ìyà àwọn tí ó wà láyìíká rẹ̀.

Àríyànjiyàn náà ṣì wúlò nítorí pé ó fi ìlànà ìtúpalẹ̀ méjì hàn. Ọ̀kan ń wo ìhun: ìró, ìlà, àwòrán, àní àmì ìdánudúró, bí ó ti rí nínú àwọn ewì tí Villa fi kọ́mà sẹ́yìn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Èkejì ń wo ìbáṣepọ̀ ìwé pẹ̀lú àwùjọ: ẹni tí ó ní ilẹ̀, ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́, ẹni tí ohùn rẹ̀ kò jáde. Àwọn iṣẹ́ tí ó tóbi jù lọ máa ń béèrè fún méjèèjì. Ẹni tí ó wo ọkọ̀ Tabo bí àwòrán nìkan kò tíì kà á tán. Ẹni tí ó sì wò ó bí ìròyìn nípa ẹ̀yà nìkan kò tíì rí ọgbọ́n tí òǹkọ̀wé fi gbé e kalẹ̀.

Ìwé òde òní

Lualhati Bautista gba ẹ̀bùn Palanca ní 1983 fún Dekada '70, ìtàn àròsọ ní Filipino nípa ìdílé kan lábẹ́ òfin ológun tí Ààrẹ Ferdinand Marcos kéde ní oṣù Kẹsàn-án 1972. Marcos ṣì wà lórí àlééfà nígbà náà. Amanda Bartolome, ìyá ọmọkùnrin márùn-ún, ni ó ń sọ ìtàn náà fúnra rẹ̀. Bí ọmọ rẹ̀ àgbà ṣe ń wọ inú ẹgbẹ́ abẹ́lẹ̀ tí ń bá ìjọba jà, ni òun náà ń bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí ọkọ òun fi ń pinnu ohun gbogbo nínú ilé. Tíọ́rì ìṣègbèfábo ran òǹkàwé lọ́wọ́ níhìn-ín, nítorí pé ó jẹ́ kí ó rí i pé àṣẹ inú ilé àti àṣẹ ìjọba ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ara wọn. Bí olóṣèlú ni ó bá ń sọ ìtàn yìí, ìwé mìíràn ni ì bá jẹ́.

F. H. Batacan tẹ Smaller and Smaller Circles jáde ní 2002. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni, ní Gẹ̀ẹ́sì. Àlùfáà Jesuit méjì ń wá ẹni tí ó ń pa àwọn ọmọkùnrin tálákà ní àdúgbò ààtàn Payatas. Ẹni tí ó ti ka Noli yóò rí ìyàtọ̀: nínú Rizal, àlùfáà ni ó sábà máa ń fi òtítọ́ pamọ́, níhìn-ín, àlùfáà ni ó ń wá a. Síbẹ̀ ìwé náà kò dá ìjọ láre, nítorí pé àwọn aláṣẹ ìjọ kan nínú rẹ̀ ṣì ń bo ẹlẹ́ṣẹ̀ láṣìírí. Fífi ìwé méjì wé ara wọn báyìí ń fi hàn bí àwùjọ ṣe ń bá ìbéèrè àtijọ́ lọ pẹ̀lú irú ìtàn tuntun.

Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ K-12 bẹ̀rẹ̀, Ibong Adarna, Florante at Laura, Noli àti El Filibusterismo wà fún kíláàsì 7 títí dé 10, ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé. Ní ìpele àgbà ilé-ẹ̀kọ́ girama, wọ́n fi ẹ̀kọ́ kan kún un lórí lítíréṣọ̀ ọ̀rúndún kọkànlélógún láti Fílípìnì àti àgbáyé. Èyí ṣí ilẹ̀kùn fún ìtàn kéékèèké, ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì àti ìwé alàwòrán. Trese, ìwé alàwòrán tí Budjette Tan kọ tí Kajo Baldisimo sì yà, bẹ̀rẹ̀ ní 2005. Ó kó àwọn iwin inú ìtàn àtẹnudẹ́nu wá sí ìgboro Manila. Nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n àwòrán, dúdú àti funfun rẹ̀, àti àyè tí ó wà láàárín àwòrán kan àti èkejì jẹ́ ọgbọ́n ìsọ̀tàn.

Ìgbésẹ̀ ìtúpalẹ̀

Iṣẹ́ ìtúpalẹ̀ sábà máa ń gba ìgbésẹ̀ mẹ́rin. Àkọ́kọ́ ni kíkà fún òye: ta ni, níbo, nígbà wo, kí ni ó ṣẹlẹ̀. Ìkejì ni àtúnkà, tí òǹkàwé yóò fi sàmì sí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ léraléra, ohun tí ó yà á lẹ́nu àti ohun tí kò yé e; ibi tí kò yé e ni ìtúpalẹ̀ tí ó dára ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìkẹta ni kí ó sọ èrò kan tí ẹlòmíràn lè takò. Wí pé Noli sọ̀rọ̀ nípa ìwà ìrẹ́jẹ kì í ṣe èrò, nítorí kò sí ẹni tí yóò jiyàn rẹ̀. Wí pé Elias, kì í ṣe Ibarra, ni ìwé náà gbé ìrètí rẹ̀ lé jẹ́ èrò tí ó ń béèrè ẹ̀rí. Ìkẹrin ni kí ó kó ẹ̀rí náà jọ láti inú ìwé, pẹ̀lú èyí tí ó takò ó, kí ó sì ṣàlàyé bí ó ṣe dé ibi ìparí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹni tí ó ń ka ìtumọ̀ ní láti ṣọ́ra sí i. Nígbà tí Charles Derbyshire túmọ̀ Noli sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1912, àkọlé tí ó fún un túmọ̀ sí jẹjẹrẹ àwùjọ. León María Guerrero ní 1961 yan àkọlé tí ó túmọ̀ sí ọgbà Édẹ́nì tí ó sọnù. Àkọlé Rizal fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ Látìnì láti inú ìwé Ìhìnrere Jòhánù, tí ó túmọ̀ sí má fọwọ́ kàn mí. Ẹni kan rí àìsàn, ẹnì kejì rí àdánù, bẹ́ẹ̀ ìwé kan náà ni àwọn méjèèjì kà. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò gbọ́ èdè Sípéènì, kíkà ìtumọ̀ méjì papọ̀ jẹ́ ọ̀nà kan láti mọ ibi tí òǹkọ̀wé ti ń sọ̀rọ̀ àti ibi tí olùtúmọ̀ ti ń dáhùn fún un.